Ọ̀dà Ń Bẹ Lábẹ́ Ilẹ̀, Potopoto Ń Bẹ Lójú Ọ̀nà

Ẹsẹ̀ òsì bàtà mi kan ṣì wà lójú ọ̀nà oko mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Kì í ṣe pé mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ o. Potopoto ló bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ mi, ó gbé e mì, ó sì panu dé bí ẹni tí kò jẹ nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wà lábẹ́ ibùsùn mi. Ìyàwó mi ní kí n dà á nù, mo ní rárá. Ẹ̀rí ni. Lọ́jọ́ tí àwọn olóṣèlú bá tún wá tọrọ ìbò, bàtà yẹn ni màá gbé síwájú wọn kí n tó gbé àga.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe rí. Tísà ni mí. Òrè, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó, ni mò ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò. Bàbá mi fi oko kòkó sílẹ̀ fún mi nínú igbó, kìlómítà 19 sí títì márosẹ̀. Bí mo bá fi í ṣe ìbéèrè fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, wọ́n á ní ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú 19 ni yóò fi débẹ̀. Màá sì máàkì wọn ní òótọ́, nítorí ìwé ò mọ ọ̀nà oko mi. Ní oṣù kìíní, wákàtí kan ni mo fi ń débẹ̀. Ní oṣù keje, mo ti lo wákàtí márùn-ún rí, mo sì tún fẹsẹ̀ rin ìyókù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Èkó lọ sí Benin, Asaba tàbí Onitsha, ẹ rò pé ẹ mọ Òrè. Òrè tí ẹ mọ̀ ni ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró kí èrò tọ̀, kí wọ́n jẹ iyán, kí wọ́n béèrè iye tí wọ́n ń ta ẹran ìgbẹ́, kí wọ́n sì yanu. Àwọn àgbàlagbà inú yín mọ Òrè mìíràn, Òrè ti oṣù kẹjọ 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra sọdá odò Ọya, tí wọ́n gba Benin, tí wọ́n ń bọ̀ lọ́nà Èkó, tí wọ́n sì kan ìjà ní ìlú wa. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn padà, ló bá di ọ̀rọ̀ ẹnu: "Ó le kú, ìjà Òrè." Èmi ò ta ko òpìtàn kankan, ìbọn ló dá wọn dúró. Ṣùgbọ́n mo ń ro ó lọ́kàn ara mi: ẹni tó gbé ọkọ̀ ogun wọ ilẹ̀ wa lẹ́yìn òjò oṣù keje, ta ló tàn án?

Títì márosẹ̀ náà fojú wa rí nǹkan kó tó dára díẹ̀. Lọ́dún 2007, Diezani Alison-Madueke, mínísítà ètò ìrìnnà nígbà náà, wá wo ọ̀nà Ṣàgámù sí Benin. Ó wò ó, ó sì bú sẹ́kún. Gbogbo Nàìjíríà rí i. Nígbà tó pẹ́, wọ́n tún un ṣe, ìjọba Gómìnà Rótìmí Akérédolú náà sì wá kọ́ afárá gogoro sí oríta Òrè. Èmi wá jókòó, mo fi ìṣirò mi ṣe é, mo rí i pé omijé ni wọ́n fi ń pe kátápílà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá mínísítà tó máa sunkún sí ọ̀nà tèmi. Èmi fúnra mi ti sun ún títí. Ẹkún tísà kì í gbé kátápílà wá.

Ohun tó wá ń dùn mí jù kò ju èyí lọ. Agbábù, níbi tí bítúmẹ́ẹ̀nì wà, inú ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó wa yìí kan náà ló wà. Bítúmẹ́ẹ̀nì ni ọ̀dà dúdú tí wọ́n ń pò mọ́ òkúta wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó tẹ́ títì. Ní Agbábù, kò di dandan kéèyàn gbẹ́lẹ̀ kó tó rí i. Ó ń sun jáde fúnra rẹ̀. Bí oòrùn bá mú, á rọ̀, á sì lẹ̀ mọ́ olóko lẹ́sẹ̀. Kí ogun 1914 tó bẹ́ sílẹ̀ làwọn òyìnbó ti ń lu ilẹ̀ agbègbè wa káàkiri nítorí rẹ̀. Ìjọba lọ, ìjọba bọ̀, gbogbo wọn ló ń sọ pé àwọn máa wà á. Ẹ wá wò ó: àwa la jókòó sórí àpò iyọ̀, àwa náà la ń lá ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Ọ̀dà ń lẹ̀ mọ́ wa lẹ́sẹ̀ lóko, kò lẹ̀ mọ́ ọ̀nà.

Bí àwọn dẹ́rẹ́bà bá ń pe èrò Òdìgbó ní gáréèjì, "Ó di igbó! Ó di igbó!" ni etí tèmi ń gbọ́, bí ẹni ń dágbére fún òkú.

Ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà igbó á ní òjò nìkan ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ má dá a lóhùn. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń fojú wa rí. Nígbà ọyẹ́, láti oṣù kejìlá wọ oṣù kejì, ọ̀nà á le bí àpáta, inú wa á dùn. Eruku pupa ló kù. Bí ọkọ̀ agbégẹdú kan bá kọjá, ojú ọjọ́ á ṣú. Lọ́jọ́ tí ọyẹ́ bá tún wá mú kùrukùru láàárọ̀, o lè máa tẹ̀lé gẹdú kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìmọ̀ pé òun lò ń tẹ̀lé, àfìgbà tí o bá rí ìdí igi ìrókò níwájú imú rẹ. Mo ti fi aṣọ funfun wọlé oko, tí ìyá àgbà kan sá fún mi nítorí ó rò pé egúngún ni.

Lẹ́yìn náà ni òjò àkọ́rọ̀ á dé, ní nǹkan bí oṣù kẹta sí oṣù kẹrin. Òun ni mo bẹ̀rù jù. Á rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, àwọn ọmọdé á máa jó, ilẹ̀ á máa ta sánsán. Eruku oṣù mẹ́ta á pò mọ́ omi díẹ̀ yẹn, á di ọṣẹ. Òjò ńlá a máa fọ ọ̀nà. Àkọ́rọ̀ ò fọ nǹkan kan, ńṣe ló ń fi òróró pa á. Ọjọ́ àkọ́rọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ń ṣubú, kì í ṣe ọjọ́ ìkún omi, nítorí lọ́jọ́ ìkún omi gbogbo èèyàn ló ti mọ̀ pé wàhálà wà.

Oṣù kẹfà àti oṣù keje kò fi tiwọn pa mọ́. Ọ̀nà á di odò, odò á di ọ̀nà. Táyà gẹdú á ti gbẹ́ ilẹ̀ sí kòtò méjì gígùn, àárín á ga bí ẹ̀yìn ọ̀nì. Ọkọ̀ kékeré tó bá wọ inú kòtò yẹn, ikùn rẹ̀ á gbé sórí òkè àárín, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì máa yí lófuurufú bí ahun tí wọ́n dojú rẹ̀ sókè. Nígbà tó bá wá di oṣù kẹjọ, òjò á sinmi fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ìsinmi ẹ̀tàn ni. Ojú ọ̀nà á gbẹ, á sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí èèpo búrẹ́dì. Ìwọ á ní ó ti gbẹ. O gun un, èèpo á ya, o sì ti bá ara rẹ nínú ọbẹ̀. Kí o tó jáde, oṣù kẹsàn-án ti dé, òjò ti padà, kòkó sì ti ń pọ́n lórí igi.

Èyí tó wá tún dunni ni pé oṣù kẹwàá tí ọ̀nà burú tán, tí àrọ̀kúrò ń dágbére, ìgbà yẹn gan-an la ń ká kòkó jù. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa ló ń pèsè kòkó jù ní Nàìjíríà. Lọ́dún 2024, kòkó fò sókè lágbàáyé débi tí tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò, mo bọ́ sórí ilẹ̀, mo jó. Ni mo bá ránṣẹ́ pe oníkòkó tó máa ń rà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Tísà, owó yẹn, owó títì ni. Owó potopoto yàtọ̀." Ó yọ owó ọkọ̀, ó yọ owó okùn, ó yọ owó àpò tó tutù. Mo fẹ́ bínú, mo rántí pé òun nìkan ni ọkọ̀ rẹ̀ lè débẹ̀.

Mo mẹ́nu ba owó okùn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Odò kékeré kan dá ọ̀nà wa kọjá, igi gẹdú méjì ni wọ́n tẹ́ lé e ní afárá. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ọlọ́kadà á ní kí o sọ̀ kalẹ̀, òun á gun orí igi kan, ìwọ á fẹsẹ̀ rin èkejì bí ológbò lórí ògiri. Ní òjò, igi méjèèjì á ti bá omi lọ kí ẹ tó débẹ̀. Àwọn géńdé kan wà tó ń fi okùn fa ọkọ̀ níbẹ̀. Mi ò sọ pé wọ́n ṣe nǹkan kan o. Ohun tí ojú mi rí ni mo ń sọ. Ọkọ́ ni mo bá lọ́wọ́ wọn láàárọ̀ tí mò ń lọ, okùn ni mo bá lọ́wọ́ wọn lọ́sàn-án tí mò ń bọ̀, kòtò sì ti jìn sí i láàárín méjèèjì. Ẹni tó bá mọ ìṣirò kó ròyìn.

Ibẹ̀ náà ni bàtà mi kú sí. Àna mi kan ń sọ ọmọ lórúkọ lóko. Èmi, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo wọ léèsì, mo dé fìlà, mo wọ bàtà aláwọ̀ tuntun tí n kò tíì san tán. Ọlọ́kadà tó gbé mi, ọmọ tí mo kọ́ ní kíláàsì kẹta ni. Ó dúró létí ẹrẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ mi.

Ó ní, "Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà yẹn."

Mo ní, "Bàtà tuntun lo ní kí n bọ́?"

Ó ní, "Ẹ bọ́ ọ sà, kí ọ̀nà tó bá yín bọ́ ọ."

Mo rò pé ìwọ̀sí ni. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó jáde. Mo gbé ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ nìkan ló jáde. Mo dúró lórí ẹsẹ̀ kan bí lékeléke, mo ti ọwọ́ bọ inú ẹrẹ̀ dé igunpá, mo fi ń wá a kiri. Ohun tí mo fà jáde ni sálúbàtà ẹlòmíràn. Mo dé ibi ìkómọ náà pẹ̀lú bàtà ọ̀tún tèmi àti sálúbàtà òsì tí n kò mọ olówó rẹ̀. Ìyá àna mi wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ọ̀nà o, ọkọ wa." Kò tún sọ nǹkan mìíràn. Ì bá kúkú bú mi.

Mo ní àbúrò kan ní London tó ń fi fóònù gbà mí nímọ̀ràn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ yẹ táyà wò. Ẹ̀gbọ́n, bí ọkọ̀ bá kọṣẹ́, ẹ má jáde, ẹ pe àwọn tó ń fa ọkọ̀." Mo ní ó dáa. Ó kù kó sọ ibi tí màá dúró sí pè wọ́n. Ọ̀pẹ kan ṣoṣo ló wà lójú ọ̀nà wa tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ará oko ti sọ ibẹ̀ ní Ìdí Fóònù. Bí o bá fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ kọṣẹ́, rí i pé ó kọṣẹ́ ní Ìdí Fóònù. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Sóyínká jẹ́ alága wọn àkọ́kọ́, ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́, 122. Ẹ há a sórí, ó dára. Ṣùgbọ́n lábẹ́ igi kòkó, fóònù mi kò mọ 122 yàtọ̀ sí ẹja gbígbẹ.

Ẹ ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ ewé. Òfin ní bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, kí wọ́n gbé àmì onígun mẹ́ta pupa sẹ́yìn rẹ̀. Agbégẹdú wa ò mọ àmì onígun mẹ́ta. Ewé ni wọ́n ń já. Wọ́n á to ẹ̀ka igi sílẹ̀ ní ìṣísẹ̀ bíi mẹ́wàá sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n á sì sùn sábẹ́ rẹ̀. Lórí márosẹ̀, ó yé wa: ewé lójú títì, ewu ni. Nínú igbó ńkọ́? Ibi gbogbo lewé wà! Ìjì já ewé, ọ̀bọ já ewé, àgbẹ̀ gé ẹ̀ka sọ sójú ọ̀nà. Ewé wo ni ìkìlọ̀, ewé wo ni ewé? Mo ti dúró wákàtí kan gbáko rí níwájú ẹ̀ka ọsàn kan, mò ń dúró de gẹdú tí kò sí. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gun orí ẹ̀ka kan kọjá pẹ̀lú ẹ̀rín, mo sì bá ìdí gẹdú tí kò níná lẹ́yìn. Bùréèkì ló kó mi yọ, bùréèkì àti orí ìyá mi.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rín sílẹ̀ díẹ̀. Lọ́jọ́ 12 oṣù keje 2019, àwọn agbébọn pa ọmọbìnrin Olóyè Reuben Fasoranti, aṣáájú ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re nígbà náà, lójú márosẹ̀ ní agbègbè Òrè níbí. Ọ̀fọ̀ náà wà lára ohun tó ti àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dédìí ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn, tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn ní oṣù kìíní 2020. Láti ìgbà náà, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kì í bá mi lóko mọ́. Kòkó tí n kò bá rí kó lónìí, ọ̀la ń bọ̀. Ọ̀nà tí kò jẹ́ kí o sáré ní ọ̀sán, kò yẹ kí o bá a pàdé lóru.

Àwọn baba wa máa ń gbàdúrà pé ká má rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àmín. Ọ̀nà tèmi yìí, ẹ bá mi béèrè ọjọ́ tó yó.

Síbẹ̀, ìyà ti kọ́ mi ní nǹkan, n kò sì ní fi í ṣahun. Kí o tó wọlé, bi ẹni tó ń bọ̀ láti inú igbó léèrè, kì í ṣe ẹni tó ń lọ. Sọ fún ará ilé ọ̀nà tí o gbà àti ìgbà tí o máa dé. Mú okùn tìrẹ, àdá, pákó méjì, iná àti omi mímu. Bí o bá dé odò, sọ̀ kalẹ̀, fi igi wọn ọ́n, fẹsẹ̀ wọ̀ ọ́ kí táyà tó wọ̀ ọ́. Omi tó bá dé orúnkún tó ń sàn lè gbé ọkọ̀ kékeré lọ, kò sì bìkítà fún ẹni tó ni ín. Lọ́jọ́ àkọ́rọ̀, jókòó sílé kí òjò kejì wá fọ ọ̀nà ná. Fi àyè sílẹ̀ láàárín ìwọ àti gẹdú. Bí o bá sì rí ewé, gbà pé ìkìlọ̀ ni. Mo ti dá wákàtí kan nù nídìí ewé, wákàtí kan kò pọ̀ tó orí èèyàn.

Ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀yin ọ̀gá wa ní Àkúrẹ́, ẹ má dá mi lóhùn pé kò sówó ọ̀dà. Mi ò tọrọ ọ̀dà mọ́; mo ti mọ̀ pé ọ̀dà wa, ojú la fi ń rí i. Òjò kọ́ ló ń ba ọ̀nà jẹ́. Omi tí kò rí ibi gbà ló ń bà á jẹ́, gẹdú tó tẹ̀ ẹ́ nígbà tó tutù ló sì ń parí iṣẹ́. Ẹ bá wa la gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ ri kọ́fáàtì sí ibi mẹ́ta tí omi ti ń dá a kọjá, kí ẹ kó yangí lé àárín kó lè ga. Ní Kamẹrúùnù, wọ́n ní géètì òjò lójú ọ̀nà yẹ̀pẹ̀: bí òjò bá rọ̀, wọ́n á dá ọkọ̀ ńlá dúró fún wákàtí mélòó kan kí ilẹ̀ ṣara gírí. Ọ̀pá oparun kan àti ọkùnrin kan tí kì í gba rìbá ni gbogbo ohun tí irú rẹ̀ máa ná wa. Oparun wà nínú igbó wa. Ọkùnrin yẹn lẹ máa bá wa wá.

Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ wá kí wa lóko kí kọ́fáàtì tó dé, ẹ káàbọ̀ o. Bí ọlọ́kadà bá ní kí ẹ bọ́ bàtà, ẹ bọ́ ọ. Mo ní ọ̀kan nílé tí kò ní ẹnìkejì.